Kí ni "get" túmọ̀ sí gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ "get" sì ti tojú sú mi. Mo há a sórí pé "gbà" ni, àmọ́ bí mo bá ń kàwé, ọ̀pọ̀ ibi ni "gbà" kì í ti í bá a mu. Olùkọ́ mi tún fi báírò pupa falà sábẹ́ mẹ́fà nínú àròkọ mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ń jẹ́? Àbí kí n kúkú má lò ó mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má pa á tì o. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "get" ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wò, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà ń ṣe irú ẹ̀ ní Yorùbá: jẹun, jẹ gbèsè, jẹ ìyà, jẹ èrè. Ohun tó tẹ̀ lé "jẹ" ló ń sọ fún yín.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "I got a letter that my brother got hurt, so I got on the bus and got there before it got dark." "Got" márùn-ún ló wà níbẹ̀. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyí: Mo gba lẹ́tà pé àbúrò mi fara pa, ni mo bá wọ bọ́ọ̀sì, mo sì débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ "gbà", torí pé lẹ́tà jẹ́ ohun tó ń tẹni lọ́wọ́. "On" àti "there" ń sọ ibi téèyàn forí lé, ló fi di "wọ̀" àti "dé". Àmọ́ "dark" ń sọ bí nǹkan ṣe rí, iṣẹ́ tí "got" sì ń ṣe níbẹ̀ kò ju pé nǹkan ti yí padà lọ. Yorùbá kò nílò ọ̀rọ̀ mìíràn tó máa fi dípò rẹ̀ níbẹ̀, "ṣú" nìkan ti gbé gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "get angry" ṣe ń jẹ́ bínú. Ẹni tó bá ń wá ibi tó máa ki "gbà" bọ̀ níbẹ̀ á da ọ̀rọ̀ rú.

Tó bá jẹ́ èèyàn ló tẹ̀ lé e, tí "to" sì tún wà níwájú, akitiyan wọ̀ ọ́. "She got him to agree": ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Mo fẹ́ràn ìlò yìí gan-an, torí pé gbogbo àrọwà yẹn ló wà nínú "got" kan ṣoṣo. Ní ti "He got arrested", wọ́n mú un ni.

Ibì kan wà tí gírámà kò ti ní lè ràn yín lọ́wọ́. Fóònù ń dún, ẹnì kan ní "I'll get it": òun ló máa lọ gbé e. Ẹ ṣàlàyé nǹkan fún ẹni yẹn kan náà, ó ní "I get it": ó ti yé e nìyẹn.

Odindi ni kí ẹ kọ́ àwọn bíi "get up", dìde, àti "get away with it", ṣe é gbé. Ẹ má tú wọn sí wẹ́wẹ́.

Bí ẹ bá rí "gotten", ìlò àwọn ará Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe àṣìṣe. Lẹ́nu wọn, "I've got a car" ni pé mo ní ọkọ̀, "I've gotten a car" sì ni pé ọkọ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Olùkọ́ yín kò jẹ̀bi. Nínú àròkọ àti lẹ́tà ìwáṣẹ́, "received", "arrived" tàbí "became" máa ń tètè la ọ̀rọ̀ yé ẹni tó ń kà á. Ẹ padà sórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó falà sí, kí ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ní Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ìyẹn mu. Èyí tí ẹ kò bá rí arọ́pò tó dáa fún, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.