Ìbéèrè yín: Tí mo bá sáré dé ìdí ìbọn, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mò ń gbé, mo ti forúkọ sílẹ̀ fún laser run, ìyẹn ìdíje tí wọ́n ti ń sáré, tí wọ́n á dúró yìnbọn laser, tí wọ́n á tún sáré lọ, àkọ́kọ́ mi nìyẹn, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo mọ eré sá o, àmọ́ tí mo bá ti dé ìdí ìbọn báyìí, ọwọ́ á máa gbọ̀n, mi ò ní rí àmì bà mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ má fòyà rárá, bó ṣe ń ṣe gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìbọn yẹn ò lọ́ta, iná laser ló ń yọ, mítà 10 lẹ ó ti máa yìn ín, ẹ sì gbọ́dọ̀ ba àmì lẹ́ẹ̀márùn-ún kẹ́ ẹ tó lè sáré lọ, tí ò bá bà, ẹ ó dúró síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú-àáyá 50 á fi pé. Ibẹ̀ làwọn tó lẹ́sẹ̀ dáadáa ti ń pàdánù, ó máa ń dùn mí gan-an!

Ẹ má ya eré sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ wá ya ìbọn sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ sáré mítà 600 bíi tàwọn àgbà, kẹ́ ẹ dín in kù díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ń súnmọ́ tábìlì tí ìbọn wà, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá yìn. Ẹ má kánjú yin àkọ́kọ́ o, tí ìyẹn bá ti bà, ọkàn á balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, kẹ́ ẹ sì sinmi dáadáa lọ́jọ́ méjì tó bá ṣáájú ìdíje.