Kí ló dé tí ọta .357 Magnum onímú-ihò fi gba inú jẹ́látìnì (ohun rírọ̀ bí ẹran ara tí wọ́n fi ń dán ọta wò) kọjá láìlà, ìyẹn láì jẹ́ kí imú rẹ̀ ṣí gbòòrò?

Aṣọ ló sábà máa ń fà á. Bí ọta bá gba aṣọ jíǹsì ìlọ́po mẹ́rin tí wọ́n fi bo iwájú jẹ́látìnì kọjá, òwú á dí ihò imú rẹ̀. Jẹ́látìnì tó yẹ kó wọnú ihò náà kó sì ti etí rẹ̀ síta ò ní ráyè wọlé, ọta á kàn máa lọ tààrà bí ọta lásán. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ yẹ imú rẹ̀ wò: ẹ ó rí òwú aláró tó há síbẹ̀ pinpin. Ẹnu ìbọn tó kúrú, bíi ti ínǹṣì 2, náà ń dín eré ọta kù.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá ọta lẹ́bi. Jẹ́látìnì ńkọ́? Kílò 1 ìyẹ̀fun rẹ̀ sí kílò 9 omi ni, kó wà ní 4°C. Omi tó gbóná jù á bà á jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yin ọta irin róbótó .177 sí i, ní eré ẹsẹ̀ bàtà 590 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sẹ̀ǹtímítà 8.5 ló yẹ kó wọlé. Bó bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ yàtọ̀ sí èyí, àyẹ̀wò yẹn ò ṣeé gbà. Ínǹṣì 12 sí 18 ni FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ń fẹ́ kí ọta gidi wọ̀.