Ṣé sójà ni àwọn Starfleet, àbí ọdẹ?

Àbúrò mi kan ló bi mí pé àwọn Starfleet inú Star Trek yẹn, eré Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ rìn káàkiri ojú ọ̀run lọ wo ibi téèyàn ò dé rí, ṣé ológun ni wọ́n àbí olùwádìí, torí òun àti ìyá ẹ̀ ń wò ó nílé l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, màmá ń bi í pé irú èèyàn wo lèyí, kò sì mọ ohun tó máa pè wọ́n. Èmi ò ní pè wọ́n ní sójà o. Ọdẹ ni mo máa pè wọ́n.

Lóòótọ́ wọ́n ní kápútéènì, wọ́n ní admiral, wọ́n ní torpedo tí wọ́n fi ń fọ́ ọkọ̀ ọ̀tá, ẹni tó bá ṣẹ̀ nínú wọn á jẹ́jọ́ bí sójà ṣe ń jẹ́jọ́. Kirk gan-an, kápútéènì inú eré àkọ́kọ́, pe ara ẹ̀ ní sójà lọ́dún 1967, Picard, kápútéènì inú èyí tó tẹ̀ lé e, wá ní lọ́dún 1989 pé àwọn kì í ṣe ológun. Àmọ́ ẹ má wo orúkọ oyè. Akíntọ́lá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lọ́dún 1964, bẹ́ẹ̀ lọ́yà àti akọ̀ròyìn ni, kò ṣe sójà rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ológun, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa àwọn Ẹ̀ṣọ́ Aláàfin: ohun méjì ló yẹ Ẹ̀ṣọ́, Ẹ̀ṣọ́ jà ó lé ogun, Ẹ̀ṣọ́ jà ó kú sógun. Kò sẹ́ẹ̀kẹta. Ọdẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá mi máa ń wọgbó lálẹ́, àtùpà kábáìdì níwájú orí, ṣakabùlà léjìká, ó lè má pa nǹkan kan, àmọ́ tó bá dé láàárọ̀ á jókòó sórí àpótí, á máa ha ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀, á ní òun rí odò kan lẹ́yìn àpáta tí ẹ̀ẹ̀rùn ò gbẹ, á wá yọ ewé kan lápò tẹ́nì kankan nínú ilé ò rí rí, gbogbo wa á sì pé lé e lórí. Iṣẹ́ Starfleet nìyẹn.

Ìbọn wá ńkọ́? Ọdẹ wo ni ò nìbọn! Tógun bá dé òun náà ni wọ́n máa ké sí. Ṣebí ọdẹ ni Ògúnlọlá, ìtàn wa sọ pé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ dààmú Ọ̀yọ́ títí, Ògúnlọlá ló ta á lọ́fà, ó gbé orí ẹ̀ lọ fún Aláàfin, ibẹ̀ la ti rí orúkọ ìlú yìí. Aláàfin ní kó dúró l'Ọ́yọ̀ọ́, ó ní rárá, ẹ jẹ́ kóun máa ṣe ọ̀hún, ìyẹn abẹ́ igi àjàgbọn ẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni oyè Ṣọ̀ún ti wá.

Àbúrò, sọ fún màmá pé ọdẹ ojú ọ̀run ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá dé ibi ogun Dominion, níbi tí Starfleet ti bá àwọn ọ̀tá tó ń jẹ́ Dominion jà, tó bá bi ọ́ pé kí ló dé tí ọdẹ ń jagun, Ògúnlọlá ni kó o rán an létí.