Lisbon pẹ̀lú màmá lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ jẹ́ kí básì gbé yín gòkè, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ sọ̀

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ ní Mọ́ńdè lẹ máa balẹ̀ sí Lisbon pẹ̀lú màmá yín tí wọ́n ti lé ní 70 ọdún, ẹ sì fẹ́ rí odi àtijọ́ orí òkè, Belém, tíráàmù 28 (ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba ojú títì), kẹ́ ẹ tún dé Sintra, ìlú mìíràn lẹ́yìn Lisbon, kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Mo ṣe é pẹ̀lú màmá tèmi lọ́dún 2019, nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán wọ́n ti jókòó sórí àtẹ̀gùn kan ní Alfama, àdúgbò àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ odi yẹn, wọ́n bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ ti wú, wọ́n ní "ọmọ mi, ṣé wọ́n ń lé wa ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹ kọ́kọ́ yọ Belém kúrò nínú ètò ọjọ́ yẹn, torí Jerónimos, ilé ńlá àwọn mọ́ńkì tó wà níbẹ̀, kì í ṣí ní Mọ́ńdè, ilẹ̀kùn títì làwa bá níbẹ̀. Sintra, ẹ fún un ní ọjọ́ tiẹ̀.

Ní éápọ́ọ̀tù, ẹ ra káàdì Navegante tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀, kálukú ní tiẹ̀ ni o, sẹ́ńtì 50 ni káàdì fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fowó sí i, ẹ wọ métíró (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀) pupa dé Alameda, ẹ bọ́ sí aláwọ̀ ewé, ẹ sọ̀ ní Rossio, àárín ìlú. Ẹ gbé ẹrù sílẹ̀, kí màmá sinmi. Lẹ́yìn náà ẹ wọ básì 737 ní Praça da Figueira tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rossio, ó máa gbé yín dé ẹnu odi lókè pátápátá, ibẹ̀ lẹ ti máa wá rọra fẹsẹ̀ sọ̀ gba inú Alfama. Àwa fẹsẹ̀ gun òkè yẹn, àṣìṣe tó pa wá nìyẹn. Kí màmá wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà, òkúta funfun tí wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀ ti dán, tójò bá kàn án á máa yọ̀ bí ilá.

Tíráàmù 28, inú èrò ibẹ̀ ni wọ́n ti kiwọ́ bọ báàgì mi, fóònù lọ, owó lọ, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá la ti lo ìyókù ọjọ́ yẹn. Tí màmá bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ọjọ́ kejì ni, láàárọ̀ kùtù, láti Martim Moniz tó ti ń gbéra, kí báàgì wà láyà.

Alfama yẹn ò wó tán nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní November 1, 1755, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà ẹ̀ fi ń lọ́ kiri báyìí, ìsàlẹ̀ ní Baixa tí wọ́n tún kọ́ ló tọ́ gbọnrangandan. Màmá mi tí wọ́n dàgbà ní Campos l'Ékòó kàn ń nawọ́ sí fèrèsé ni, "wò ó, ilé àwọn Àgùdà nìyí!" Òótọ́ sì ni, Àgùdà tó ti Brazil dé ló gbé irú ilé yẹn wá fún wa, ọ̀dọ̀ àwọn Pọtogí yìí ni Brazil sì ti rí i.

Búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n bá gbé síwájú yín ní búkà láìbéèrè, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ máa sanwó ẹ̀. Tẹ́ ò bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e.

Kẹ́ ẹ wá parí ọjọ́ yẹn sí Largo de São Domingos, ẹ̀yìn Rossio níbẹ̀. Iná jó ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ lọ́dún 1959, àwọn òpó tó sán ṣì wà bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀ làwọn dúdú, àtẹrú àtòmìnira, ti ní ẹgbẹ́ Rósárì tiwọn láyé àtijọ́, òkúta ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa ní 1506 náà wà níta. Àwọn ìyá láti Guinea-Bissau máa ń pàtẹ síbẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn tá a débẹ̀, màmá mi rí obì gbànja nínú abọ́ kan, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n fèékánná ha á bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ìyá olóbì bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò gbédè ara wọn o, màmá ṣáà là á sí méjì, wọ́n fún un ní awẹ́ kan, wọ́n jẹ ìkejì, wọ́n jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nǹkan bí aago márùn-ún ni kẹ́ ẹ débẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibi jókòó fún màmá.