Switch wo ni ká rà fún ẹ̀rọ ohùn ṣọ́ọ̀ṣì wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo. Mixer Yamaha tó ń lo Dante, ìyẹn ètò tó ń gbé ohùn gba orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni wọ́n rà fún wa, pẹ̀lú stagebox rẹ̀, àpótí orí pèpéle tá à ń ki wáyà máìkì sí. Switch nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré olówó pọ́ọ́kú la fi so wọ́n pọ̀. Bí ìsìn bá ń lọ, ohùn á já lójijì, á tún padà. Àwọn alàgbà ní ká lọ ra èyí tó wọ́n jù. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìsìn. Ẹ má tíì náwó sórí èyí tó wọ́n jù. Bó o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, EEE ni mo fura sí, ìyẹn ètò tí wọ́n ń ṣe sínú switch kó má baà jẹ iná púpọ̀. Bí ohun tó ń kọjá lórí wáyà bá dín kù, switch á jẹ́ kí ihò tí wáyà yẹn wọ̀ tòògbé. Kò dí ẹni tó ń wo Facebook lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú Dante, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń pe aago fún gbogbo àwọn tó kù, lemọ́lemọ́ ló sì ń pè é. Kí ihò tó ń tòògbé tó ta jí, ìpè aago ti pẹ́. Aago mixer àti ti stagebox ò bára mu mọ́, ohùn á já. Audinate tó ṣe Dante fúnra wọn kìlọ̀ pé ká má lo switch tí kò ṣeé tò bó bá ní EEE, torí kò sí ibi tá a ti lè pa á.

Managed switch, ìyẹn èyí tó ṣeé tò, ni kẹ́ ẹ rà, gigabit, oníhò mẹ́jọ. Ẹ pa EEE lórí gbogbo ihò. Ẹ tan QoS, ètò tó ń pinnu ohun tó máa ṣáájú lórí wáyà. DSCP ni nọ́ńbà tí switch fi ń dá wọn mọ̀: 56, ti aago, ni kó kọ́kọ́ máa kọjá, 46, ti ohùn, ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà 8, kí ìyókù dúró sẹ́yìn. Ó máa ń dùn mí bí ilé ìjọsìn bá náwó sórí switch 10 gigabit. Ìlà ohùn kan ní 48 kHz kò ju nǹkan bíi 1.5 megabit lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 32 irú rẹ̀ ò tó 50, bẹ́ẹ̀ gigabit kan jẹ́ 1000 megabit. UPS ni kẹ́ ẹ fi owó yẹn rà, torí bí NEPA bá mú iná lọ, switch á kú, á sì tún máa tan látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má so CCTV mọ́ ọn. Bó o bá sì rí ẹni tó ń lo mixer Behringer X32 pẹ̀lú stagebox S16, má wo tirẹ̀ ṣe: wáyà AES50 tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ jọ ti íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, àmọ́ kì í gba inú switch kọjá.

Tó o bá dé ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Fìà, yí switch náà dojú dé, ka nọ́ńbà model rẹ̀, kó o sì wá ìwé rẹ̀ lórí fóònù kó o tó sanwó. Wá "EEE", "802.3az" tàbí "Green Ethernet". Bí ìwé náà ò bá sọ bí wọ́n ṣe ń pa á, fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Tẹ́ ẹ bá sì ti so ó tán, ṣí Dante Controller, ètò orí kọ̀ǹpútà tá a fi ń bójú tó Dante, lọ sí Clock Status: iná Sync ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ìsìn á fi parí.