Àgbàlá ilé àwọn ará Ṣáínà: èwo ló lè bá Abẹ́òkúta mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo rí ilé àwọn ará Ṣáínà kan lórí fóònù, yàrá yí àgbàlá ńlá ká nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wù mí gan-an ni. Mo ní púlọ́ọ̀tì kan ní Abẹ́òkúta, bírikìlà mi sì ní òun á kọ́ ọ bí mo bá ti mú àwòrán wá. Ṣé kí n ṣe é bẹ́ẹ̀? Ìhà ibo ni kí ilé náà kọjú sí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ilé. Àfàìmọ̀ kí ilé tí ẹ rí yẹn má jẹ́ siheyuan ti ìlú Beijing. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí òtútù ni wọ́n ṣe kọ́ ọ báyẹn, òtútù kọ́ sì ni ìṣòro tiyín.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wà ní igun gúúsù ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá ti wọlé, ògiri kan á dí yín lójú, àfi kí ẹ yà sọ́wọ́ òsì kí ẹ tó mọ ohun tó wà nínú ilé. Yàrá àwọn àgbà wà lápá àríwá, ó kọjú sí gúúsù, ó kẹ̀yìn sí atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ bọ̀ láti Siberia. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán Beijing kì í ga ju nǹkan bíi dígírì 27 lọ. Bí àgbàlá bá há, ilé iwájú á ṣíji bo ti ẹ̀yìn. Ìdí tí wọ́n fi fẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kí oòrùn lè wọlé dé orí ibùsùn. Ní abúlé àríwá, ibùsùn ọ̀hún pàápàá, tí wọ́n ń pè ní kang, amọ̀ tàbí bíríkì ni. Èéfín gbígbóná láti ààrò ìdáná á gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, á mú un móoru, kó tó jáde síta. Ìyá àgbà lè má sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ wá gbé àgbàlá gbayawu bẹ́ẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń ga sún mọ́ àtàrí. Ààrò lẹ kọ́ yẹn.

Ibi tí wọ́n ń gbé ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa kọ́lé. Ní ìpínlẹ̀ Shaanxi ní Ṣáínà, erùpẹ̀ ibẹ̀ ki, ó sì lè dúró ṣánṣán bí ògiri, ni wọ́n bá ń gbẹ́ yàrá sínú ẹ̀: ó móoru nígbà òtútù, ó tutù nígbà ooru. (Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mì níbẹ̀ ní 1556, yàrá abẹ́ ilẹ̀ wà lára ohun tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn.) Ní ìpínlẹ̀ Fujian, ìbẹ̀rù olè àti ogun ló jẹ́ kí odidi ìdílé máa gbé inú ilé roboto kan ṣoṣo tí kò ní fèrèsé nísàlẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ti Huizhou, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Anhui, irú èyí tó wà ní abúlé Hongcun àti Xidi. Ooru àti òjò ni wọ́n ń bá yí níbẹ̀ nígbà ooru wọn. Àgbàlá wọn há. Tianjing lorúkọ ẹ̀, ìyẹn kànga ojú ọ̀run. Ilé alájà yí i ká, oòrùn kì í pẹ́ nísàlẹ̀ ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná á sì gba òkè jáde bí ìgbà tí èéfín ń jáde. Òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dagẹ̀rẹ̀ sínú àgbàlá. Bí òjò bá ń rọ̀, ìgbátí òrùlé á máa dà á sórí òkúta ilẹ̀, omi á sì bá gọ́tà abẹ́ òkúta lọ. Wọ́n ní ọrọ̀ ni omi yẹn, kò gbọdọ̀ ṣòfò síta. Àwọn baba wa tó ń gbé ìkòkò sí àgbàlá agbo ilé láti gbe omi òjò á gbà pẹ̀lú wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àgbàlá há: ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 tó, kí òrùlé sì yọ síta dáadáa. Ní ti ìhà tó máa kọjú sí, gúúsù tí wọ́n ń lé ní Beijing kò ṣe yín láǹfààní kankan. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń sun ògiri níhìn-ín. Kí ògiri tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí fèrèsé apá ìwọ̀-oòrùn má pọ̀.

Kí bírikìlà yín tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ ní kó fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí omi àgbàlá máa gbà jáde. Kí ẹ tó da kọnkéré ilẹ̀ ni páìpù yẹn ti gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Bó bá ní "a ó máa wò ó tó bá yá," ẹ má tíì jẹ́ kó gbé ṣọ́bìrì.