Kí ni "àdìrẹ" túmọ̀ sí, ṣé ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan, obìnrin òyìnbó tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń di aṣọ tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́ láró lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá kan tó wà lọ́hùn-ún. Ó ti ń ta iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, ó sì ń pè é ní àdìrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní olè pátápátá ni. Kí ni ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ túmọ̀ sí, ta ló sì ni ín?

Ìdáhùn: Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ló wà níbẹ̀, dì àti rẹ. A di aṣọ, a sì rẹ ẹ́ sínú aró títí aró yóò fi mu ún. Ẹ fi "à" síwájú wọn, ó di àdìrẹ, ohun tí a dì tí a sì rẹ. Orúkọ ìlú kò sí nínú rẹ̀, orúkọ ìdílé kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe ló ń sọ. Bí ẹ bá bá aláró lẹ́nu iṣẹ́, ẹ óò kí i pé "Àrẹdú o!", kí èyí tó ń rẹ ó dú dáadáa. "Rẹ" yẹn náà ló wà nínú àdìrẹ.

Iṣẹ́ ńlá sì ni rírẹ náà. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a sóòrùn kí ó gbẹ. Wọ́n á dáná sun igi, wọ́n á da omi sórí eérú rẹ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí, omi eérú á máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi yẹn ni wọ́n ń rẹ ẹ̀lú sí fún ọjọ́ mélòó kan kí aró tó pọ́n. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Òrìṣà tí àwọn aláró ń ké pè fún iṣẹ́ yìí ni Ìyá Màpó, tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin.

Bí wọ́n bá fi ìko di aṣọ, a ó pè é ní àdìrẹ oníko. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi rán an pọ̀, alábẹ́rẹ́ ni. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn, nítorí ẹnikẹ́ni kò di ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún àti álọ́ọ̀mù sè ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ bátànì sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá sì bò, aró kò ní dé ibẹ̀. (Ẹ̀kọ ni o, kì í ṣe ẹ̀kọ́.) Àwọn obìnrin Ìbàdàn mọ èyí dáadáa. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin máa ń gé bátànì sára páànù, wọ́n á fi ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀. Orúkọ náà ti gbòòrò kọjá okùn nìyẹn. Ohun tó kù tí gbogbo wọn fi jọ ara wọn ni pé ọwọ́ ènìyàn ló dáàbò bo ibi kan lára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ mi. Aṣọ wo ni wọ́n ń kọ ẹ̀kọ sí? Kì í ṣe kíjìpá, aṣọ òwú tí a fọwọ́ hun nílé. Kíjìpá nípọn, ara rẹ̀ kò dán, kò lè gba ìlà tín-ín-rín ìyẹ́ adìyẹ. Aṣọ funfun tí wọ́n ń kó wá láti Manchester ló gbà á. Ìgbà tí aṣọ òyìnbó yẹn pọ̀ lọ́jà ni ẹlẹ́kọ gbilẹ̀. Aṣọ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá méjì-àbọ̀, ni wọ́n ń rán pọ̀ fún ìró kan. Ní 1935, nígbà tí ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́, àwọn aláàdìrẹ wa gbé àwòrán òun àti ayaba sára aṣọ, wọ́n sì pe bátànì náà ní Olóba. Wọ́n mú ohun àlejò, wọ́n fún un lórúkọ Yorùbá, wọ́n tà á. Èmi kò rí ẹni tó pè wọ́n lólè.

Òṣogbo ni ìpàrọ̀ yìí ti wá ga jù lọ. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tí wọ́n bí ní Graz ní Austria ní 1915, dé Nàìjíríà ní 1950. Ó gba ẹ̀kọ àti aró lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa, ó fi ya ìtàn òrìṣà sára aṣọ ńláńlá tí ẹnikẹ́ni kò ní fi róso. Ara ògiri ni wọ́n wà fún. Ìyípadà yẹn kò kéré rárá: aṣọ tó ti ń bo ìbàdí di ohun tí ènìyàn ń dúró wò. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí a bí ní 1951, ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló ti kọ́ aṣọ híhun àti aró. Ó bá ara rẹ̀ láàárín àwọn ayàwòrán Òṣogbo, ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1974, ó sì padà wá dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983. Ọmọ Yorùbá ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àlejò láti òkè òkun náà ń kọ́ ọ. Gasali Adeyemo, ọmọ Òfàtẹ̀dó, jáde láti ibẹ̀, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ń kọ́ àwọn ará Santa Fe ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé. Mama Níkẹ̀ẹ́ kò fi iṣẹ́ yìí pamọ́, mo sì gbà pé ohun tó dára ló ṣe.

Àwọn ẹlòmíràn náà ní tiwọn. Àwọn ará Japan ń di aṣọ, wọ́n ń rán an pọ̀, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n ń pè é ní shibori. Wọ́n tún ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe irú ohun tí a ń fi láfún ṣe. Ní Sierra Leone, ewé ẹ̀lú wa gan-an ni wọ́n ń lò, gara ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Bí aláàdìrẹ àti oníshibori bá jókòó ti ìkòkò kan náà, wọ́n á yé ara wọn kí ògbufọ̀ tó lanu.

Àdìrẹ ni iṣẹ́ ọ̀rẹ́ yín, níwọ̀n ìgbà tó bá ń dì í tó sì ń rẹ ẹ́. Ohun tó ń dùn mí wà ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ níbí, l'Ábẹ́òkúta. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní China, tí wọ́n kó wá pẹ̀lú àwòrán bátànì wa lára rẹ̀, ni wọ́n ń tà fún ènìyàn pé àdìrẹ ni. Ẹnikẹ́ni kò dì í, ẹnikẹ́ni kò rẹ ẹ́. Owó rẹ̀ kéré, obìnrin tó fi ọjọ́ mélòó kan kọ ẹ̀kọ sára aṣọ kò sì lè bá a du ọjà. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń wá olè, kí ó wá a níbẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tó yẹ kí ọ̀rẹ́ yín ṣọ́ra fún. Bátànì wa ní orúkọ, orúkọ náà sì ní ohun tó ń sọ. Sún bẹ̀bẹ̀, Olókun, Òṣùpá bàǹbà: kí ó bi ẹni tó kọ́ ọ léèrè ìtumọ̀ wọn, kí ó sì kọ orúkọ olùkọ́ náà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń tà á. Ìbàdàndùn ni kí ó fara balẹ̀ wò jù. Àwọn òpó tó wà nínú rẹ̀, tí síbí dúró láàárín wọn, òpó gbọ̀ngàn Mápó ni, tí wọ́n ṣí ní 1929. Àwọn obìnrin Ìbàdàn ń rí Mápó lórí òkè lójoojúmọ́, ìlú wọn dùn mọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ lórí aṣọ. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fẹ́ fi àwọn òpó náà sílẹ̀, kí ó sì ya òkè ìlú tirẹ̀ dípò wọn, kí ó yà á, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pè é ní Ìbàdàndùn. Kí ó wá orúkọ tirẹ̀ fún un, bí àwọn yẹn ṣe wá tiwọn.